Ajá Ọlọ́jọ́ Mẹ́wàá

Ọjọ́ kejìléláàádọ́fà tí mo ti wà nínú ilé ni ajá Ìbíkúnlé bu ọmọ Victoria jẹ. Mo mọ iye ọjọ́ náà nítorí pé kò sí iṣẹ́ mìíràn tí mo ń ṣe ju kí n máa kà á lọ. Èédú ni mo fi ń fa ìlà sẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá mi, ìlà kan fún ọjọ́ kan.

Lọ́dún 1986 ni ọkọ mi, Lásúnkànmí, kú, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọkọ̀ Datsun ló ń wa láti Òkè-Ìmẹ̀sí sí Ìjerò. Ibà ọjọ́ mẹ́rin ló pa á. Mùsùlùmí ni wá, ó sì di dandan kí n ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀sìn ò ní kí n di ẹlẹ́wọ̀n o. Ìyá ọkọ mi ló ní bẹ́ẹ̀. Ìyá Tàwàkálítù dé láti Ìkìrun lọ́jọ́ kẹta òkú, ó tẹ́ ẹní sí ẹnu ọ̀nà yàrá mi, ó ní nílé tiwọn, opó tó bá fi ẹsẹ̀ kan ìta kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, yóò tún un kà láti ọjọ́ kìíní ni.

Èmi Rùkáyàt, tí mo ń ná ọjà Ara, tí mo ń ná ọjà Ìkòrò, tí mo ń ru abọ́ tánganran dé ibi tí mọ́tò ò dé! Wọ́n wá há mi mọ́ yàrá kan àti ẹ̀yìnkùlé kan. Ọmọ àdúgbò ló ń bá wa lọ sọ́jà. Òkè ló yí Òkè-Ìmẹ̀sí ká, ọkọ mi kì í sì í jẹ́ kí n fiyè sí i, torí a kì í pẹ́ gba àárín òkè náà kọjá. Nígbà tí mo di ará ojú fèrèsé ni mo tó mọ̀ pé bí mo bá wo iwájú, òkè ni. Bí mo bá wo ẹ̀gbẹ́, òkè ni. Mo kórìíra òkè wọ̀nyẹn bí ẹni kórìíra orogún.

Ojú fèrèsé náà ni mo wà tí mo fi rí ọ̀rọ̀ ajá. Ọdẹ ni Ìbíkúnlé, ó kú ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó ṣáájú, kò sì sẹ́ni tó gba ajá rẹ̀ tọ́. Tanímọ̀la ló sọ ajá náà, kó lè máa fi pòwe mọ́ àwọn tó ń bá a ṣọ̀tá. Ajá pupa rúsúrúsú kan ni, tí etí rẹ̀ kan ti ya. Ilé Victoria, tó dojú kọ tiwa, ló máa ń sùn sí, lábẹ́ tábìlì kan tó ti kán lẹ́sẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, Fọlákẹ́, ọmọ ọdún méje, ń fi ẹ̀yìn rìn nínú eré, ó sì fi gbogbo ara tẹ ìrù ajá náà mọ́lẹ̀. Ajá bù ú jẹ ní ojúgun, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó padà sábẹ́ tábìlì rẹ̀.

“Ajá dìgbòlugi! Ajá dìgbòlugi!” Ariwo yẹn ò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ẹkún ọmọ. Jídé tó ń lẹ táyà ní kọ̀rọ̀ wa gbé irin jáde, àwọn mìíràn gbé kùmọ̀. Mo yọ orí síta.

“Ọmọ ló tẹ̀ ẹ́ nírù! Mo rí i! Ajá yẹn ò ya wèrè!”

Gbogbo wọn yíjú sí ojú fèrèsé mi bí ẹni tó gbóhùn òkú. Láti oṣù mẹ́ta àti àbọ̀, wọn ò gbóhùn mi rí.

Ariwo mi ló dá wọn dúró títí Victoria fi gbé ọmọ dé dìsípẹ́ńsárì, tí wọ́n fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà, tí wọ́n sì ránṣẹ́ sí Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá, òṣìṣẹ́ dókítà ẹran ní Ààrámọkọ. Kí ìrọ̀lẹ́ tó lẹ́ dáadáa, ọkùnrin náà ti gun alùpùpù dé. Kò gbé ohùn sókè, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò gbọ́ ọ.

“Abẹ́rẹ́ àìsàn yìí ò sí ní Ààrámọkọ, kò sí ní Adó. Bóyá a lè rí i ní Ìbàdàn, mẹ́rìnlá sì ni, ikùn ni wọ́n ń gún un sí. Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Bí ajá yìí bá ní àrùn náà, kò ní lò tó ọjọ́ mẹ́wàá tí yóò fi ṣàìsàn, tí yóò sì kú. Ní ọjọ́ tó bá ti ń ṣe é, ẹ gbé ọmọ lọ sí Ìbàdàn. Bó bá pé ọjọ́ mẹ́wàá, tó ń jẹ, tó ń mu, kò sí nǹkan kan lára ọmọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pa á tàbí tí ẹ jẹ́ kó sá lọ, a ò ní mọ èwo ni ká ṣe. Ta ni yóò bá wa so ó mọ́lẹ̀?”

Ẹ wá wo àwọn èèyàn! Ẹni tí ò lóko ṣàdédé ní oko. Ẹni tí ò ní ìyá rántí pé ìyá òun ń ṣàìsàn ní Ẹ̀fọ̀n. Victoria fẹ́ gbà á, ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ló wà nílé rẹ̀. Ta ni yóò so ajá tó bu ọ̀kan jẹ mọ́ àárín àwọn mẹ́ta tó kù?

“Ẹ mú un wá,” mo wí láti ojú fèrèsé. “Èmi ò sáà ń lọ síbì kankan.”

Ìyá fò dìde lórí ẹní. “Ajá? Nínú ilé tí a ti ń kírun? Ṣé o fẹ́ kí málékà kọ ilé ọmọ mi ni?”

“Ẹ̀yìnkùlé ni, Ìyá. Kì í ṣe inú ilé.”

Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ àlùfáà wa. Ó ní bó bá jẹ́ ìta ni ajá wà, tó sì jẹ́ nítorí ẹ̀mí èèyàn, kò burú, kí n sáà máa fọ ohun tí itọ́ rẹ̀ bá kàn lẹ́ẹ̀méje, ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú erùpẹ̀. Mo fọ abọ́ ajá yẹn títí tánganran rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ìyá a máa jókòó tì mí, a máa kà á: “Ó di márùn-ún. Ó ku méjì.”

Láràárọ̀ ni Victoria ń gba ẹnubodè ẹ̀yìnkùlé wọlé. Kí ó tó kí mi, yóò ti wo ojú ajá.

“Ẹ kú ulé o, Ìyàwó Dẹ́rẹ́bà. Ṣé ó jẹun?”

“Ó jẹun, Ìyá Fọlákẹ́.”

“Ṣé ó mumi?”

“Ó mu ún tán.”

Nígbà náà ni yóò tó mí kanlẹ̀. Ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni wá ní àdúgbò yẹn o, ọdún mẹ́fà, a kì í ṣe ju ẹ káàárọ̀, ẹ kú ọjà. Ará Òkè-Ìmẹ̀sí ni òun, ọmọ ìjọ CAC, èmi, àtọ̀húnrìnwá. Ajá ló wá sọ wá di ojúlùmọ̀. Ní ọjọ́ karùn-ún, Tanímọ̀la ò fẹnu kan oúnjẹ. Victoria jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sunkún. Ẹ̀rù bà mí ju bí ó ti bà á lọ, torí ẹnu mi ni mo fi ní ajá ò ya wèrè. Ìgbà tí mo fi ìka tọ́ ọbẹ̀ tó wà lórí oúnjẹ náà wò ni mo rí i pé ata ló pọ̀ jù. Mo fi omi ṣan uṣu tí Victoria gbé wá, bí òun ti máa ń pe iṣu, ajá sì jẹ ẹ́ mọ́ abọ́. A rẹ́rìn-ín dé ibi tí Ìyá fi gbọ́ wa láti iwájú ilé, tó ní kí opó rántí ara rẹ̀.

Okùn ni ò jẹ́ kí n gbádùn. Ajá ọdẹ ni, ó ti ń sáré nínú igbó láti kékeré. Yóò rìn títí okùn fi gùn dé ibi tó dé, yóò yíjú padà, yóò tún rìn títí dé ibẹ̀. Mo mọ ìrìn yẹn. Mo ń rìn ín láti ibùsùn dé ojú fèrèsé. Lójoojúmọ́ ni mo ń tú okùn náà gùn sí i díẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, mo rí i pé okùn ti gé e lọ́rùn. Mo tú u kí n lè fi epo pa ojú egbò náà, mo sì rò ó nínú mi pé kí ó na ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. Àánú òmùgọ̀ ni. Ìgbà yẹn gan-an ni Victoria fi ìgbọ̀nwọ́ ti ẹnubodè, torí iṣu ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ méjèèjì. Ajá gba abẹ́ ìró rẹ̀ kọjá.

Ká tó ṣẹ́jú, ariwo ti gba títì. “Ó ti já! Dìgbòlugi ti já!” Victoria ju iṣu sílẹ̀, ó ń sáré tẹ̀ lé wọn, ó ń ké pé, “Ẹ má pa á, ẹ dákun, ọmọ mi ni ẹ ó pa!” Wọn ò dúró. Mo dúró ní ẹnubodè, ẹsẹ̀ mi wà nínú, orí mi wà níta. Mo rí Jídé tó ń gbé irin.

Ìyá ti wà lẹ́yìn mi. “Rùkáyàt,” ó ní, ó rọra sọ ọ́. “Ọjọ́ mẹ́wàá ló kù ọ́.”

Ta ló ń sọ ọ́ fún? Èmi tí mo fa ìlà náà! Ẹ̀gbọ́n mi ti ránṣẹ́ pé ọjọ́ tó bá pé lòun ń bọ̀ wá mú mi lọ sílé. Mo ti di ẹrù mi. Bí ajá bá kú, ọ̀la ni dókítà ẹran ń bọ̀, kò sì ní rí nǹkan kan sọ fún Victoria.

Mo jáde.

Wọ́n ti há ajá mọ́ abẹ́ ọkọ̀ ògbólógbòó kan nítòsí ibi táyà Jídé. Bí wọ́n ṣe yíjú tí wọ́n rí mi nínú aṣọ opó, irun mi títú, wọ́n gbàgbé ajá. Nígbà yẹn, kò sí ọkùnrin kan ní Òkè-Ìmẹ̀sí tí yóò jẹ́ kí aṣọ opó kan òun lára. Jídé fẹ̀yìn rìn.

“Ẹni tó bá ń fẹ́ kí n dì mọ́ òun,” mo ní, “kó dúró níbẹ̀.”

Ẹ̀rín ń pa mí títí dòní bí wọ́n ṣe fọ́nká, àwọn akọni tó gbé irin nítorí ajá kan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo pe Tanímọ̀la, ó rá jáde wá bá mi. Mo gbé e mọ́ra, itọ́ rẹ̀ sì kún gbogbo ara mi. Mo lè parọ́ fún yín pé ajá nìkan ni mo rò bí mo ti ń padà bọ̀. Irọ́ ni. Títì gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó dùn mọ́ mi, mo sì rọra rìn.

Àlùfáà wá ní ìrọ̀lẹ́. Ó ní nítorí ẹ̀mí ọmọ ni mo ṣe jáde, kò ba nǹkan kan jẹ́, kí n parí ọjọ́ mi bó ṣe wà. Mo yíjú sí Ìyá, mo ti pọ́n ẹnu mi sílẹ̀ de ìjà. Kò bá mi jà. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó.

“Àlùfáà ti sọ ti Ọlọ́run,” ó ní. “Ọmọ ẹlòmíì lo sáré jáde fún, o sì ṣeun. Ọmọ tèmi ńkọ́? Lọ́jọ́ tí o bá kà á tán, o ó gbé ẹrù rẹ, o ó lọ. Ta ni yóò máa bá mi ka tèmi?”

Ìgbà yẹn ni mo tó rò ó pé láti ọjọ́ kẹta òkú, obìnrin yìí náà ò fi ẹsẹ̀ kan ìta. Kò lọ kí ẹnikẹ́ni. Kò lọ sọ́jà. Èmi ń wo òkè, òun ń wo ẹ̀yìn mi. Mo rò pé ó ń ṣọ́ mi ni, kò sì sí ọjọ́ tí mi ò ṣépè fún un nínú mi. 

Ọ̀gbẹ́ni Olúṣọlá dé lọ́jọ́ kẹwàá. Ó wo ojú ajá, ó wo ẹnu rẹ̀, ó ju egungun sí i, ajá sì fò mú un. “Ó ti parí,” ó ní. “Ọmọ yín ò ní nǹkan kan.” Victoria dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú erùpẹ̀, bí ọkùnrin, ó dì mọ́ ẹsẹ̀ mi, kò bìkítà fún aṣọ opó. Moses, ọkọ rẹ̀, ní òun á mú ajá náà lọ sóko, kó máa bá òun ṣọ́ kòkó.

Dókítà ẹran bi mí léèrè bó ti ń gun alùpùpù rẹ̀. “Màmá, ẹ má bínú. Èèyàn tí mo ń bẹ̀ kí wọ́n bá mi tọ́jú ajá kì í gbà. Kí ló dé tí ẹ̀yin fi gbà?”

Victoria ti dá a lóhùn kí n tó lanu. Ó ní àánú mi ló pọ̀. Kì í ṣe àánú. Mo fẹ́ kí ohun kan wà nínú ilé yẹn tí ọjọ́ tirẹ̀ máa pé tójú mi máa rí i. Ohun tí mo sọ fún dókítà ẹran nìyẹn.

Moses ta ìka, Tanímọ̀la tẹ̀ lé e gba ẹnubodè jáde, kò wẹ̀yìn. Mo jowú ajá, Ọlọ́run ló mọ̀. Lẹ́yìn náà mo wọlé, mo fi aṣọ nu gbogbo ìlà ẹ̀yìn ilẹ̀kùn mi kúrò, mo fa méjì tuntun, ọ̀kan fún àná tí mo jáde, ọ̀kan fún òní, mo sì ní kí wọ́n ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi pé kó má tíì wá. Ìyá béèrè iye tí a kà dé. Mo ní, “Ọjọ́ kejì ni, Ìyá.” Ó sún fún mi lórí ẹní, mo sì jókòó tì í.