Ọkọ̀ Tó Mọ Níwọ̀n fún Ardis

Ọkọ̀ òkun ìgbafẹ́ mẹ́rin ló wà láyé tí Ardis ẹ̀gbọ́n mi lè dá rìn nínú wọn láìdi ẹnikẹ́ni mú. Láàárín ọdún méjì, ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n ta mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwòrán kan náà ni wọ́n fi kàn wọ́n, nítorí náà ẹni tó bá mọ ọ̀kan ti mọ ìyókù. Ogún ọdún la fi ń wọ̀ wọ́n ní oṣù kejì, nígbà tí yìnyín bá ti ga dé ojú fèrèsé ní Duluth, ìlú wa. Kí ojú Ardis tó bàjẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà. Àárín ohunkóhun tó bá ń wò ló ṣú dùdù. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nìkan ló ń rí. Nílé, Curtis ọmọ rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́ kiri. Nínú ọkọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń dá lọ jẹun àárọ̀.

Ní oṣù kẹwàá, Curtis gbé ìwé ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan wá sórí tábìlì. Ilé náà mọ́, oúnjẹ wọn sì dára, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í dá jáde níbẹ̀. Ardis ní òun kò tíì ní buwọ́ lù ú.

"Màá wọ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i," ó sọ fún un. "Bí mo bá lè dá rin inú ọkọ̀, mo lè dá gbé inú ilé mi. Bí n kò bá lè ṣe é, kó o gbé bírò wá, màá buwọ́ lù ú, n kò sì ní jà."

"Ọkọ̀ wo, Mọ́mì? Wọ́n ti ta gbogbo ọkọ̀ yín."

"Verna máa wá òmíràn."

Èmi ni Verna. Bí wọ́n ṣe gbé iṣẹ́ náà lé mi lọ́wọ́ nìyẹn, tí ọbẹ̀ ń tutù níwájú mi, tí ẹnikẹ́ni kò bi mí bóyá mo fẹ́.

Lavonne, tí a jọ ka ìwé ní kíláàsì kan náà, ló máa ń bá wa ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìtajà oògùn. Lavonne fẹ́ràn ohun ńlá.

"Ilé-iṣẹ́ tuntun kan wà tí gbogbo èèyàn ń sá lọ báyìí," ó ní. "Wo ọkọ̀ wọn yìí, Peony. Àjà méjìdínlógún. Ọgbà wà nínú rẹ̀, Verna. Igi gidi."

"Igi wà ní Duluth."

"Wọ́n tún ní yìnyín tí èèyàn lè máa yọ̀ lórí rẹ̀."

"Lavonne, yìnyín náà la ń sá fún."

Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Ó dáa, mo ti gbọ́. Èyí tó kéré jù nìyí. Ẹgbẹ̀ta èèyàn péré."

Mo ti ro ti èyí náà kí n tó kúrò nílé. Ọkọ̀ kékeré máa ń mì tí afẹ́fẹ́ bá dé, ẹni tí kò sì rí irin ìdìmú yóò ṣubú. Pẹ̀lúpẹ̀lù, nínú ọkọ̀ kékeré, gbogbo èèyàn ti mọ ara wọn ní ọjọ́ kejì. Gbogbo wọn ni yóò fẹ́ di Ardis lọ́wọ́ mú. Àánú wọn nìkan tó láti ba ìrìnàjò náà jẹ́.

"Èyí tó wà láàárín ni mo fẹ́."

"Gentian nìyẹn. Àárín gan-an ni."

"Èèyàn mélòó ló ń gbà?"

"Mo ní àárín ni."

"Iye ni mo bi ọ́, o ń sọ àárín fún mi."

Ìdí wà tí mo fi le mọ́ ọn. Lójú ẹni tó bá ní ọkọ̀ tó ń kó ẹgbàáta èèyàn, ọkọ̀ ẹlẹ́gbàajì ni àárín, bẹ́ẹ̀ ó tóbi ju gbogbo èyí tí àwa ti wọ̀ rí. Lavonne nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó sì wá a. Ẹgbàá èèyàn ó lé ọgọ́rùn-ún, àjà mọ́kànlá. Mo gbà á.

Láti ọ̀sẹ̀ náà títí di àárín oṣù kìíní, mo fi páálí kọ́ àwòṣe Gentian láti inú àwòrán tí Lavonne fún mi. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé nípasẹ̀ ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, mo sì mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ìwọ̀n ńlá di kékeré. Àjà mẹ́ta ni mo ṣe, nítorí mẹ́ta ni Ardis máa lò. Òwú ìhunṣọ ni mo lẹ̀ mọ́ páálí fún ọ̀dẹ̀dẹ̀, igi ìtayín fún àtẹ̀gùn, bọ́tìnì fún ẹ̀rọ agbéniròkè. Bébà líle tí wọ́n fi ń fá igi ni mo fi ṣe yàrá ìjẹun ní ẹ̀yìn ọkọ̀. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, Ardis á jókòó sídìí tábìlì mi, á máa fi ìka rìn ín.

"Yàrá wa lórí àjà kẹjọ," á wí. "Ọwọ́ ọ̀tún, ilẹ̀kùn mẹ́rìnlá, bọ́tìnì. Mo sọ̀ kalẹ̀ sí àjà karùn-ún. Ọwọ́ òsì, mo ń lọ, mo ń lọ, ó há díẹ̀ níbí."

"Ibi tí wọ́n ń fi fọ́tò hàn nìyẹn. Ẹ máa lọ tààrà."

"Ta ló ń sọ̀rọ̀? Mo ti ń lọ tààrà kí o tó lanu." Ìka rẹ̀ kan bébà líle. "Ẹyin díndín méjì, ẹ má jẹ́ kó jóná."

Nígbà tí oṣù kìíní fi máa wọ ọ̀sẹ̀ kẹta, kì í ṣìnà mọ́.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ dé. Ìròyìn ayọ̀ ni wọ́n kọ sí orí rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan ti háyà Gentian fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tiwa. Nítorí náà wọ́n ti gbé wa lọ sínú Peony, a kò ní san owó kún un, wọ́n sì máa fi ṣokoléètì sínú yàrá wa.

Mo tẹ̀ wọ́n láago. Orin ni mo gbọ́ fún ogójì ìṣẹ́jú, orin kan náà, ó ń parí, ó tún ń bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ọmọkùnrin kan dá mi lóhùn.

"Ẹ kú oríire, mà. Ọkọ̀ tó dára jù lọ ló bọ́ sí yín lọ́wọ́."

"N kò fẹ́ ẹ."

"Ó tóbi jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, mà."

"Ohun tí mo sọ pé n kò fẹ́ nìyẹn."

"Ṣé kí n fi ẹ̀bùn ìfọwọ́ra kún un, mà? Wọ́n á bá yín fọwọ́ ra ẹ̀yìn."

"Ẹ̀yìn ò dùn mí. Ẹ̀gbọ́n mi ò ríran. Ó ti kọ́ Gentian sórí, kò kọ́ Peony."

"Àá, ẹ pẹ̀lẹ́, mà. A ní àwọn tó máa ń ti àga oníkẹ̀kẹ́ níbẹ̀."

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju tìẹ lọ."

Orin tún bẹ̀rẹ̀. Mo pè wọ́n nígbà mẹ́rin láàárín ọjọ́ mẹ́ta, èèyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló dáhùn, mo sì tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti ìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo wọn ló kí mi kú oríire. Lavonne náà kí mi. Olùṣọ́ àgùntàn wa kí mi ní yàrá ìsàlẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Curtis nìkan ni kò kí mi.

"Àǹtí Verna, ẹ fi sílẹ̀ báyìí," ó ní. "Wọ́n máa dá owó yín padà. Ẹ jẹ́ kí Mọ́mì sinmi."

"Ìyá rẹ kò sọ pé ó rẹ òun."

"Ẹ̀yin lẹ ń tì wọ́n. Tí wọ́n bá sọnù sáàárín ẹgbàáta èèyàn ńkọ́?"

Lórí ọ̀rọ̀ Peony, ó tọ̀nà. Mo lọ sílé, mo sì tẹ́ àwòrán gbogbo ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó yẹ kí n ti ṣe bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ kìíní dípò kí n máa gbọ́ orin. Ọkọ̀ méjìlá ni wọ́n ní. Ìkẹsàn-án, Celandine, gùn bí Gentian, ó fẹ̀ bí Gentian, ibi tí wọ́n ti kan Gentian ni wọ́n sì ti kan òun náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ìbejì ni wọ́n. Yóò gbéra ní èbúté Tampa ní ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ọjọ́ tiwa.

Mo pe ìpè karùn-ún. "Celandine," mo wí, kí obìnrin náà tó kí mi. "Tampa. Àjà kẹjọ, ọwọ́ ọ̀tún, ilẹ̀kùn kẹrìnlá sí ẹ̀rọ agbéniròkè."

"Mà, ọkọ̀ yẹn kéré sí èyí tí a fún yín."

"Mo mọ̀."

"Kò ní ọgbà o."

"Mo dúpẹ́."

Ó fún wa. Kò yé e títí tó fi gbé fóònù sílẹ̀.

Ọjọ́ tí a dé Tampa, ọkọ̀ òfuurufú pẹ́, àpótí Ardis kò sì tètè dé. Nígbà tí a fi wọ yàrá, ó ti rẹ̀ ẹ́, a sì ní kí wọ́n gbé búrẹ́dì àti ọbẹ̀ wá bá wa. Ó fi ọwọ́ tọ́ ògiri yàrá wò, ó sì rí ilẹ̀kùn, ṣíńkì àti kọ́bọ́ọ̀dù níbi tí mo sọ pé wọ́n wà.

"Ní aago méje àbọ̀ àárọ̀ ọ̀la, èmi nìkan," ó wí. "Ìwọ máa lọ ṣáájú, kó o jókòó sídìí tábìlì. Bí mo bá gbúròó rẹ lọ́nà, Verna, bí o bá kàn wúkọ́ lásán, mo ti kùnà nìyẹn. Màá sọ fún Curtis pé mo kùnà."

"Mo ti gbọ́."

"Ṣèlérí."

Mo ṣèlérí.

Aago méje ni mo sọ̀ kalẹ̀ sí àjà karùn-ún. Mo yà sí ọwọ́ òsì, mo rin ogún ẹsẹ̀ bàtà, mo sì kọlu ìlẹ̀kẹ̀. Ilé ìtajà wúrà àti ìlẹ̀kẹ̀ ló dí ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà láti ògiri dé ògiri, ó ní gíláàsì níwájú, wọ́n sì ti tì í pa. Mo bi ọkùnrin kan tó ń nu ilẹ̀.

"Ìgbà wo lẹ kọ́ èyí?"

"Ọdún tó kọjá, mà, nígbà tí a gbé ọkọ̀ lọ túnṣe. Ọwọ́ ọ̀tún lẹ máa gbà báyìí."

Wọn kò tíì tún Gentian ṣe. Mo ti wọn gígùn ọkọ̀ méjèèjì, mo wọn fífẹ̀ wọn, mo wo ọdún tí wọ́n kàn wọ́n, n kò sì wo ọdún tí wọ́n tún wọn ṣe kẹ́yìn. Ẹni tó ti ń wọkọ̀ fún ogún ọdún kò gbọ́dọ̀ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹlòmíì bá ṣe é, n kò ní gba àwáwí lẹ́nu rẹ̀.

Bí mo bá padà lọ sọ fún Ardis kó tó jáde, n kò tíì da ìlérí. Mo lọ sídìí ẹ̀rọ agbéniròkè. Ó kún, ó kọjá. Òmíràn kún fún àwọn tó wọ aṣọ ìlúwẹ̀ẹ́ ní aago méje àárọ̀. Mo gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo dé yàrá wa, ó ṣófo. Ardis ti jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú àkókò, èyí tí kò ṣe rí láyé rẹ̀.

Mo tún sọ̀ kalẹ̀. Ó ti wà níwájú gíláàsì náà. Ó gbé ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá lé e, ó ń fi wọ́n wá ọ̀nà níbi tí kò sí. Mo dúró lẹ́yìn òpó kan, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́wàá lọ sí i. Mo di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn. Gbogbo ohun tó kù ni kí n sọ pé "ọwọ́ ọ̀tún".

Ọkùnrin tó ń nu ilẹ̀ sún mọ́ ọn. "Mà, ẹ mú ọwọ́ yín wá, ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ."

"Rárá, o ṣeun." Ohùn rẹ̀ le, ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ń bà á. "Ṣé ẹ̀yìn ọkọ̀ ni mo kọjú sí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó tó."

Kò bi í léèrè ohunkóhun mọ́. Ó dúró pẹ́. Ó yí padà, ó ń fi ọwọ́ tọ́ ògiri títí ó fi dé ìdí ẹ̀rọ agbéniròkè, ó fọwọ́ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ó ń ka nǹkan lẹ́nu. Àwọn èèyàn ń rọ́ jáde, wọ́n ń gbá a ní èjìká. Obìnrin kan ní kó rọra. Ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún.

Ó yẹ kí n wà nídìí tábìlì. Ọ̀nà tó gbà ni ọ̀nà kan ṣoṣo tó wà lórí àjà yẹn, n kò sì lè kọjá lára rẹ̀ láìjẹ́ kó gbúròó mi. Mo gòkè sí àjà kẹfà, mo sáré gba inú ilé tẹ́tẹ́, mo gba ọ̀nà tó já sí ilé ìdáná, wọ́n lé mi padà, mo wá àtẹ̀gùn mìíràn. Àádọ́rin ọdún ó lé méjì ni mí.

Nígbà tí mo wọ yàrá ìjẹun, Ardis ti jókòó. Ẹni tó ń pín kọfí ti bu tirẹ̀ fún un.

"O pẹ́," ó wí, kí n tó fa àga. "Níbo lo wà?"

Èémí mi kò tíì balẹ̀. N kò fẹ́ràn irọ́, n kò sì pa á dáadáa.

"Mo ṣìnà, Ẹ̀gbọ́n."

"Ìwọ?" Ó rẹ́rìn-ín tó fi da kọfí sórí aṣọ tábìlì. "Pẹ̀lú ojú méjèèjì. Páálí rẹ kò dára, wọ́n ti fi gíláàsì dí ọ̀nà òsì. Ọwọ́ ọ̀tún la ń gbà. Bí kò bá yé ọ, dúró sídìí ẹ̀rọ agbéniròkè lọ́la, màá mú ọ wá."

Mo ní mo dúpẹ́. Ó pe ẹni tó ń gbé oúnjẹ, ó ní kó gbé ẹyin méjì wá fún òun, kó sì wá nǹkan fún àbúrò òun tó ń mí bí ajá.