Wákàtí Kan Kí Kápẹ́ẹ̀tì Tó Kan Yìnyín

Ọdún kẹrìnlá rèé tí Urkuya ti ń nu ilẹ̀ ilé ìwòsàn eyín tó wà létí odò ìlú Narin, tí kò sì sí ẹni tó ń bá a pín ìyìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ náà ti le tó, kó wá ní oṣù kìíní ọdún, nígbà tí yìnyín bá ti mu ènìyàn dé orúnkún, tí bàtà gbogbo ìlú ń gbé ẹrẹ̀, eérú àti iyọ̀ wọlé láti títì, níbi tí wọ́n ti ń dà á kí yìnyín lè yọ́. Iyọ̀ yẹn burú ju ẹrẹ̀ lọ. Bí o bá nù ún lẹ́ẹ̀kan, bó bá ti gbẹ, á tún hu funfun sórí ilẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Àfi kí o fi omi gbígbóná nù ún, kí o fi omi oògùn tẹ̀ lé e, kí o fi omi tútù ṣan án, kí o wá fi àkísà gbígbẹ parí rẹ̀. Urkuya nìkan ló ní sùúrù ẹ̀.

Ó ga, apá rẹ̀ gùn, bó bá na mọ́ọ̀pù, kò sí abẹ́ àga tí kò ní í dé. Ó sì lófin. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé gbọ́dọ̀ fi ọ̀rá búlúù bo bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìbáà jẹ́ ọlọ́pàá. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kùn ní ọ̀dà pupa, ti yàrá àga aláìsàn ni. Ọlọ́dà yẹ́lò, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni. Ọlọ́dà dúdú kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé ìgbẹ́. Lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, á ṣí fèrèsé, ìbáà jẹ́ ọjọ́ tí itọ́ ń dì kó tó balẹ̀, lẹ́yìn náà ni á tan iná aláwọ̀ aró tó ń pa kòkòrò. Àwọn aláìsàn á máa gbọ̀n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Urkuya á ní, "Òtútù ò pa yín. Ẹ̀gbin ló ń pani."

Ìgbà ìwọ́wé ni Jipar dé.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbà á fún, níbi tí dókítà ti ń wo eyín àwọn aboyún àti ti àwọn ọmọdé. Ìlú ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti bí i, níbi tí wọ́n ti ń gbin òwú, tí yìnyín kì í pẹ́ nílẹ̀ ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Ọkọ ló tẹ̀ lé wá sí Narin. Kúkúrú ni, ó sanra díẹ̀, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀, àwọn aláìsàn sì fẹ́ràn rẹ̀ kí oṣù kan tó pé. Ìyẹn nìkan ti tó ẹ̀ṣẹ̀ lójú Urkuya, ṣùgbọ́n ó tún ní méjì mìíràn.

Àkọ́kọ́ ni pé ilẹ̀ òkè máa ń mọ́. Gbogbo èèyàn ló ń sọ ọ́. "Ẹ wo bí ilẹ̀ Jipar ṣe ń dán." Ta ni kò ní í dán? Kí ẹsẹ̀ ènìyàn tó gun àtẹ̀gùn dé òkè, gbogbo yìnyín tó gbé wọlé ti parí sórí ilẹ̀ Urkuya. Urkuya ló ń gba ẹrẹ̀, Jipar ló ń gba ìyìn.

Èkejì ni ti bàtà aṣọ. Ọ̀rá búlúù máa ń tóbi jù fún ẹsẹ̀ ọmọdé, á máa yọ̀. Jipar bá gbé àwọn aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì tó ti gbó, ó gé wọn, ó rán wọn ní ìbọ̀sẹ̀ kéékèèké, ó lẹ etí ehoro mọ́ wọn. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń bọ́ wọn nínú omi oògùn, tó ń fọ̀ wọ́n. Àwọn ọmọ kò tún ké lórí àtẹ̀gùn mọ́. Dókítà Gulsun, obìnrin tó ni ilé ìwòsàn náà, mú ẹyọ kan wá sí ìsàlẹ̀.

"Ẹ wo ọgbọ́n, ẹ̀gbọ́n Urkuya. Ẹ wo etí ẹ̀."

"Mo rí i."

"Ṣé kò dáa ni?"

"Ehoro kì í gbé ilé ìwòsàn, Dókítà."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Urkuya dúró ti mọ́ọ̀pù rẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlá, kò tíì sí ohun ọwọ́ rẹ̀ tí Dókítà gbé lọ sí òkè láti fi han ẹnikẹ́ni.

Ká ní ìyẹn nìkan ni, ìbá gbé e mì. Ṣùgbọ́n Dókítà Gulsun ń kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sí òdìkejì odò, wọn yóò ṣí i nígbà tí yìnyín bá yọ́. Ó ti sọ ọ́ létí gbogbo òṣìṣẹ́ pé òun yóò mú ọ̀kan nínú àwọn tó ń tún ilé ṣe lọ síbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olórí, kọ́kọ́rọ́ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, aṣọ àti oògùn ìfọlẹ̀ yóò wà níkàáwọ́ rẹ̀, kóòtù funfun ni yóò sì máa wọ̀ bíi nọ́ọ̀sì. Kóòtù náà ti wà nílẹ̀ pàápàá. Inú ọ̀rá ló wà, lẹ́yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì Dókítà. Bí Urkuya bá ń nu ibẹ̀, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ọ̀rá náà, á yára mú ọwọ́ kúrò bí ẹni tó fọwọ́ kan ààrò. Kóòtù búlúù ló ti ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí wá. Kò gbàdúrà fún nǹkan mìíràn lọ́dún náà. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ìgbànú Urkuya ti wọ ihò méjì sí i láti ìgbà ìwọ́wé.

Ọjọ́bọ̀ ni àwọn aláyẹ̀wò ìmọ́tótó ń bọ̀, àwọn tó máa ń fi òwú nu igun àga láti mọ̀ bóyá kòkòrò wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, Dókítà Gulsun dúró nínú yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì ilẹ̀ ibẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì onírun àgùntàn ni, pupa àti funfun, ìyá rẹ̀ tó ti kú ló fọwọ́ rán an.

"Yìnyín òní gbẹ dáadáa," ni Dókítà wí. "Ẹ bá mi gbé e jáde kí àwọn èèyàn yẹn tó dé."

Ọdọọdún ni Urkuya ń ṣe é. Yìnyín gbígbẹ, èyí tó rí bí ìyẹ̀fun, ni a fi ń fọ kápẹ́ẹ̀tì ní Narin. A ó da ojú rẹ̀ bolẹ̀ lórí yìnyín tuntun, a ó fi igi nà án, gbogbo èérí rẹ̀ yóò sì kù sílẹ̀ nínú yìnyín. Urkuya bẹ̀rẹ̀ láti ká a, ṣùgbọ́n Jipar ti sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Ọrùn ọwọ́ yín wú láti àná, mo rí i. Ẹ jẹ́ kí n gbé e."

"Ta ló ní ọwọ́ ń dùn mí?"

"O ṣeun, Jipar," ni Dókítà wí. "Ọlọ́run á fún ẹ lókun. Ẹ̀gbọ́n, ẹ sinmi díẹ̀."

Ọ̀rọ̀ ìsinmi yẹn gún Urkuya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí wọ́n bá ti ń ní kó sinmi, wọ́n ti fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀gbẹ́ irin tó ń mú ilé gbóná ni kápẹ́ẹ̀tì náà wà láti òwúrọ̀. Ó gbóná bíi búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Ọmọ Narin tó bá ti jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló mọ̀ pé a kì í gbé irú kápẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ lé yìnyín. A ó kọ́kọ́ gbé e kọ́ sórí igi níta fún wákàtí kan gbáko, títí yóò fi tutù dé ikùn, nítorí bó bá gbóná, yìnyín yóò yọ́ sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Jipar kì í ṣe ọmọ Narin. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹrù náà léjìká, ó yíjú padà.

"Ẹ̀gbọ́n Urkuya, ṣé kí n kàn tẹ́ ẹ báyìí ni? Ṣé kò sí nǹkan tó yẹ kí n mọ̀?"

Urkuya ń to ọ̀rá búlúù sínú apẹ̀rẹ̀. Kò gbójú sókè.

"Kí ló tún fẹ́ wà níbẹ̀? Yìnyín ni yìnyín. Lọ tẹ́ ẹ."

Jipar dúpẹ́, ó jáde.

Láti ojú fèrèsé ni Urkuya ti ń wò ó. Ó rí i tó tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì náà, ó rí èéfín tó rú sókè láti abẹ́ rẹ̀ bíi ti ìkòkò ọbẹ̀. Ó ṣì lè ṣí fèrèsé kó ké. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Kò ṣí i. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì ọlọ́dà pupa, ó lọ nu abẹ́ àga tó ti nù tẹ́lẹ̀.

Jipar na kápẹ́ẹ̀tì náà díẹ̀, wọ́n pè é sí òkè nítorí ọmọ kan tó bì. Kó tó padà, omi ti wọ inú irun àgùntàn náà, òtútù sì ti mú un. Nígbà tó fà á, ó gan bí pákó, omi dídì lẹ̀ mọ́ ọn, àwọ̀ pupa sì ti ṣàn wọ inú funfun ní igun kan. Baba Mambetkul, arúgbó tó wá yọ eyín, ń bọ́ ọ̀rá kúrò ní bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyáàfin, ibo lẹ fẹ́ gbé ilẹ̀kùn yẹn kọ́?"

Jipar kò rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Urkuya rí i tí kò rẹ́rìn-ín, ó sì yà á lẹ́nu pé kò dùn mọ́ òun tó bí òun ti rò.

Dókítà Gulsun jáde láìwọ ẹ̀wù òtútù. Ó fọwọ́ kan igun tí àwọ̀ ti ṣàn.

"Jipar, ṣé ìwọ lo tẹ́ ẹ ní gbígbóná?"

"Èmi ni, Dókítà," ni Jipar wí.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún ẹ?"

Jipar wo Urkuya tó dúró lórí àtẹ̀gùn ìta. Ó ti mọ̀. Ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti mọ̀. Ó yíjú kúrò.

"N ò bi ẹnikẹ́ni. Ìwàǹwára mi ni. Ẹ máà bínú."

Ó yẹ kí inú Urkuya dùn. Ọ̀nà ti là, kóòtù funfun ti ń bọ̀ wá sí ejìká rẹ̀. Ṣùgbọ́n Urkuya kì í gba oore lọ́wọ́ ẹni tí kò fẹ́ràn. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí òun àti ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ kò sọ̀rọ̀ nítorí ìkòkò tíì kan, bí ìyẹn bá sì gbé boorsok, ìyẹ̀fun dídín, wá lọ́jọ́ ọdún, ajá ni Urkuya ń fún. Jipar yìí ló máa wá fi ẹnu bò ó láṣìírí? Kí Jipar máa wo kóòtù náà lára Urkuya lójoojúmọ́, kí ó máa mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé òun ló fi ta á lọ́rẹ? Ó ti gba ìyìn ilẹ̀, ó ti gba ìyìn bàtà ehoro. Ṣé ìyìn ìwà rere náà ló tún fẹ́ gbà?

"Irọ́ ló ń pa," ni Urkuya wí.

Àwọn méjèèjì yíjú sí i.

"Ó bi mí. Ẹnu ọ̀nà yìí ló ti bi mí. Mo ní kó lọ tẹ́ ẹ. Mo mọ̀ pé ó gbóná, mo sì wò ó láti ojú fèrèsé. Kí ẹnikẹ́ni má bá mi ru ẹrù mi."

Dókítà Gulsun mú ọwọ́ kúrò lára kápẹ́ẹ̀tì náà. Èémí rẹ̀ ń jáde bí èéfín.

"Ẹ̀gbọ́n Urkuya, ẹni tí kò mọ̀, mo lè kọ́ ọ. Ẹni tó rí i tí kò sọ, kí ni màá ṣe fún un? Bó bá jẹ́ inú ẹnu aláìsàn ni ńkọ́?"

Dókítà fẹ́ kí wọ́n gbé kápẹ́ẹ̀tì náà wọlé sí ẹ̀gbẹ́ iná, ṣùgbọ́n Urkuya ti sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ ò gbọdọ̀ gbé e wọlé. Bó bá yọ́, á jẹrà. Òtútù náà ló máa mu omi rẹ̀. Jipar, di ìdí ẹ̀ mú. Rárá, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Gbé e sókè, bí ẹni gbé òkú."

Wọ́n gbé e kọ́ sórí igi. Urkuya mú ọ̀pá, ó ń na omi dídì jáde nínú rẹ̀, wẹ́wẹ́ wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ọrùn ọwọ́ tó wú. Jipar náà mú ọ̀pá tirẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí ẹ sọ ọ́?"

"Kí n má baà jẹ ẹ́ ní nǹkan."

"Ẹ kò jẹ mí ní nǹkan kan."

"Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí mo fi sọ ọ́. Nà á, má sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ kẹrin ni kápẹ́ẹ̀tì náà gbẹ. Ó là, àfi igun tí pupa ti wọ inú funfun. Àwọn aláyẹ̀wò ti wá, wọ́n ti lọ, òwú wọn kò rí nǹkan kan lára àga Urkuya. Síbẹ̀, nígbà tí yìnyín yọ́, Jipar ni kóòtù funfun bá sọdá odò. Urkuya kò lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣí ilé náà. Ó ní àwọn ojú fèrèsé wà tí òun fẹ́ fọ̀.

Yìnyín gbígbẹ àkọ́kọ́ ọdún tó tẹ̀ lé e bọ́ ní òru ọjọ́ Àìkú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹnìkan dúró lórí ilẹ̀ tí Urkuya ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Urkuya wo ẹsẹ̀ kó tó wo ojú, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ọ̀rá búlúù ti wà lára bàtà náà, wọ́n sì so ó dáadáa. Jipar ni, ó wọ kóòtù funfun sábẹ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀gbọ́n. A ti ra kápẹ́ẹ̀tì sílé tuntun. Mo ní kí n wá bi yín léèrè."

"Wákàtí kan," ni Urkuya wí. "Lórí igi. Kò gbọdọ̀ fi ìṣẹ́jú kan dín. Fi ọwọ́ kan inú rẹ̀, má fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn."

"Mo gbọ́. Ẹ ṣeun."

Urkuya ń wo kóòtù náà. Jipar ti ká ọwọ́ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ ó ṣì bo ìka rẹ̀. Urkuya rí ohun tó lè sọ, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀.

"Apá kóòtù yẹn gùn jù fún ẹ. Ó dà bí ẹ̀wù tí wọ́n jí."

Jipar wo ọwọ́ kóòtù náà, ó fà á sókè.

"Mo mọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ̀n apá yín ni Dókítà fi rán an."

Ó kí i pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ilẹ̀kùn tì, yìnyín díẹ̀ fẹ́ wọlé, ó yọ́ sórí ilẹ̀. Urkuya dúró tì í títí omi náà fi gbẹ, tí iyọ̀ rẹ̀ sì hu funfun. Lẹ́yìn náà ló lọ pọn omi gbígbóná.