Àwòrán Ilé Ashaiman

“Habiba, àwòrán dà?”

Ẹnjiníà Olútóyè ju ìwé àyẹ̀wò ilé náà lù ú láyà. Ojú ewé mẹ́rìnlá, àpótí funfun báláú ló kún inú wọn níbi tó yẹ kí àwòrán ògiri tó lanu wà.

“Ọ̀gá, wọ́n wà lójú kọ̀ǹpútà lánàá. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di PDF láàárọ̀ yìí ni wọ́n pòórá.”

“Ṣé àwòrán lẹ́sẹ̀ ni? Aago méjìlá ni lọ́yà máa gbé e wọ kóòtù. Ìdílé mẹ́sàn-án ló ń sùn nínú ilé yẹn ní Ashaiman, onílé sì ń búra pé ògiri òun ò lanu. Kí la fẹ́ fi han adájọ́? Orí ẹ tó ṣófo?”

Gbogbo ọ́fíìsì bú sẹ́rìn-ín. Rájí ló rẹ́rìn-ín jù, Rájí tí Habiba fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ní kọ̀ǹpútà nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé.

Habiba jókòó. Ó tún un sọ di PDF, funfun náà ni. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Funfun. Ìgbà tó tẹ àwòrán kan wò dáadáa ló tó yé e. Rájí tó lọ ya ilé náà kò kó àwòrán kankan sínú ìwé. Ńṣe ló kàn so ìwé mọ́ ibi tí wọ́n wà lórí fúláàṣì rẹ̀ tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà. Ó ti yọ fúláàṣì náà báyìí.

Ó lọ bá a. “Rájí, jọ̀ọ́, fún mi ní fúláàṣì tí àwòrán wà.”

“Fúláàṣì wo? Mi ò mọ ibi tó wà.” Okùn fúláàṣì náà ń fì dirodiro lẹ́nu àpò ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

“Torí Ọlọ́run, Rájí. Mo rí i.”

“Ọ̀gá! Habiba ní èmi ni mo jí àwòrán òun o!”

Ẹnjiníà kò tiẹ̀ wádìí. “Kó ẹrù ẹ. Ọdún mẹ́fà, ẹ̀bi lo kàn ń dì ru ẹlòmíì.”

Kò sẹ́ni tó gbójú sókè bó ti ń kó ife àti sálúbàtà rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ó dé ẹnu ọ̀nà kó tó gbọ́ ohùn Rájí: “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n gbìyànjú ẹ̀ wò.”

Tírótìró, ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí àdúgbò Lagos Town, ló ń dúró dè nígbà tí fóònù rẹ̀ dún. Rájí ni, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

“Habiba, àwòrán ti jáde, àmọ́ wọ́n ṣe bàìbàì. Èèyàn ò rí ibi tí ògiri ti lanu.”

Habiba lè pa fóònù náà. Àmọ́ ó rántí pé nínú àwòrán kan, ìyá kan ti ọwọ́ bọ ibi tí ògiri yàrá rẹ̀ ti lanu, ó wọlé dé ọrùn-ọwọ́.

“Kọ̀ǹpútà ń fún àwòrán pọ̀ kí fáìlì lè kéré ni,” ó ní. “Wọ inú ètò ìwé náà, ní kó má fún wọn pọ̀ mọ́. Kó wọn sínú ìwé gan-an látìbẹ̀rẹ̀. Tí o bá ń sọ ọ́ di PDF, má yan èyí tó kéré jù.”

Ó ń gbọ́ bó ti ń tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà Rájí mí kanlẹ̀. “Ó ti hàn kedere.”

“Rájí, ta lò ń bá sọ̀rọ̀?” Ohùn Ẹnjiníà nìyẹn.

“Ẹnì kan ló ṣi nọ́ńbà, sà.”

Fóònù kú. Ọkọ̀ dúró. Habiba wọ̀ ọ́, ó gbé ọ̀rá lé itan, ó sì sún fún ẹni tó kàn.