Bùsọ́ọ̀lù Fún Ọkọ̀ Mùízù

Ọdún kẹta rèé tí òkun Lọmé ti gbé Kọ́lá lọ. Àbẹ̀ní, ìyá rẹ̀, kò fojú kan òkun rí. Oko iṣu ní Kambolé ni ó mọ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún un kò ju pé ọyẹ́ bo ojú omi bí èéfín, àwọn apẹja kò sì mọ apá ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Wọ́n rí ọkọ̀. Wọn kò rí èèyàn.

Nítorí náà, nígbà tí Mùízù, àbúrò Kọ́lá, ti Lọmé dé tí ó ní òun ti di ọlọ́kọ̀ ojú omi, ńṣe ni Àbẹ̀ní dìde nídìí ààrò, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn mọ́rí.

Ọjọ́ kejì ni ó tó lè gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. Ọkọ̀ onígbòkun àtijọ́ ni. Òyìnbó arúgbó tí Mùízù ń bá ṣọ́ ọ láti ọdún mẹ́rìnlá ló ń padà sílùú rẹ̀, ó sì fi ta á lọ́rẹ. Mùízù fẹ́ máa fi kó ẹrù lọ sí Kutọnú. Igi rẹ̀ ṣì le, ìgbòkun rẹ̀ kò ya. Bùsọ́ọ̀lù rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń fi àríwá han atukọ̀, ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Olè ti tú u lọ, ihò róbótó ló kù.

"Tuntun ńkọ́?" ni Àbẹ̀ní bi í.

"Apá mi ò ká a, Ìyá. Ẹ má dààmú, tẹlifóònù mi á júwe ọ̀nà."

"Kọ́lá náà ní tẹlifóònù."

Àbẹ̀ní mọ ọmọ rẹ̀. Bí òun bá ní kó má lọ, yóò lọ. Kò kàn ní sọ fún òun mọ́ ni.

"Ṣé àlòkù lè ṣiṣẹ́?"

"Ó lè ṣiṣẹ́, tí ara ẹ̀ bá le."

"Múra. A jọ ń lọ ni."

Wọ́n kó iṣu lọ sọ́jà Tchamba, wọ́n tà á, wọ́n sì wọkọ̀ lọ sí Sokodé. Àdìsá, ọmọ Kambolé, ní ìsọ̀ níbẹ̀ tí ó ti ń ta àlòkù tó ń ti èbúté wá.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá Kọ́lá," ni ó wí, ó sì yára fọwọ́ bo ẹnu.

"Má bo ẹnu," ni Àbẹ̀ní dá a lóhùn. "Orúkọ mi náà nìyẹn."

Àdìsá tú àpótí irinṣẹ́ mẹ́ta kó tó rí i: bùsọ́ọ̀lù dúdú kan tó tó igbá ìmumi. Dígí rẹ̀ kò sán, àmọ́ epo inú rẹ̀ ti fà. Mùízù yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó mi orí.

"Ìdí irin yín yìí ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí."

"Ó ti bàjẹ́ nìyẹn?" ni Àbẹ̀ní bi í.

"Rárá, Ìyá. Irin ló ń fà á. Ẹ jẹ́ ká gbé e jìnnà."

Wọ́n gbé e lọ sí gbangba iwájú mọ́ṣáláṣí. Abẹ́rẹ́ inú rẹ̀ yí díẹ̀díẹ̀, ó dúró. Mùízù mú ọ̀bẹ sún mọ́ ọn, abẹ́rẹ́ náà gbọ̀n. Ó mú ọ̀bẹ kúrò, abẹ́rẹ́ padà sí ibi tó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó dán an wò bẹ́ẹ̀.

"Ibo ló ní ìlà-oòrùn wà?"

Mùízù nawọ́. Àbẹ̀ní wo ibi tí mọ́ṣáláṣí kọjú sí, ó rí i pé ọ̀rọ̀ méjèèjì bára mu.

"Òkun ńkọ́?"

Ọmọ rẹ̀ nawọ́ sí gúúsù, síhà ibi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ń gbà lọ sí Lọmé. Àbẹ̀ní yíjú síbẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta, bí ó bá ń ro ọmọ rẹ̀, kò mọ ibi tí òun ì bá kọjú sí. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó tọrọ àforíjìn fún Kọ́lá lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ó sì fi ọwọ́ náà pa ojú. Alùpùpù ń kọjá lẹ́yìn rẹ̀, kò gbọ́ wọn.

Àdìsá kò pe owó gọbọi lé e lórí. Owó iṣu tó o, ó sì ṣẹ́ owó ọkọ̀ kù.

Ní Lọmé, Mùízù pààrọ̀ rọ́bà tí epo ń gbà jò, ó rọ epo mìíràn kún un, ó kan òrùka igi sí ihò náà kó lè gbà á, ó sì ṣí gbogbo irin tó wà nítòsí kúrò.

Oṣù ọyẹ́ ni òun àti òṣìṣẹ́ ọkọ̀ méjì ṣíkọ̀. Ọjọ́ kejì, Àbẹ̀ní wà nídìí àká iṣu nígbà tí tẹlifóònù dún.

"Ìyá, a ti gúnlẹ̀ sí Kutọnú. Ọyẹ́ bò wá mọ́lẹ̀ lọ́sàn-án àná, a ò rí etíkun mọ́. Sànúsí ní ọ̀tún ni ilẹ̀ wà, Àdìgún ní ẹ̀yìn ni. Mo ní kí wọ́n dákẹ́, mo wo bùsọ́ọ̀lù, mo sì tọ ìlà-oòrùn lọ."

"Ẹ̀yin mélòó lẹ gúnlẹ̀?"

"Àwa mẹ́ta náà ni."

"Kí wọ́n fi ohùn ara wọn dá mi lóhùn."

Sànúsí kí i. Àdìgún náà kí i. Àbẹ̀ní bi Àdìgún léèrè orúkọ ìyá rẹ̀, ó ní kó pe ìyá náà kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. Ó gbé iṣu tó wá mú, ó sì padà sídìí ààrò.