Lẹ́tà Tó Dúró Lórí "Màmá Mi"

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni ìyá aránṣọ kò fi yọ wáyà kọ̀ǹpútà ọmọ rẹ̀ kúrò lára iná. Lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà ń kọ lórí rẹ̀ nígbà tí àìsàn dé, tí ikú sì gbé e lọ. Ìyá ò mọ̀wé kà, àmọ́ wọ́n ti sọ fún un pé "Màmá mi" ni ọ̀rọ̀ tó gbẹ̀yìn. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ yẹn, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ń ṣẹ́jú, bí ẹni tó ṣì ń wá ohun tí yóò sọ.

Ọkọ ọmọ náà, tó ń tún aago ṣe, yà kí i.

"Háà, Màmá! Kọ̀ǹpútà yín ti lóyún!"

"Ìwọ ni kó o wá ẹni tó fún un lóyún."

"Iná ni! Ẹ ò jẹ́ kó sinmi tọ̀sán tòru. Bátìrì ló wú yìí, ó lè gbiná. Ẹ jẹ́ á pa á, kí n pààrọ̀ rẹ̀."

"Pa kí ni? Ṣé kí ọmọ mi kú lẹ́ẹ̀kejì ni?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ kúkú ni.

Ọjọ́ kẹta ló mú bátìrì tuntun dé. Ó fẹ́ kọ́kọ́ fi lẹ́tà náà pamọ́ sínú ẹ̀rọ, àmọ́ ó tẹ àwọn bọ́tìnnì ìkọ̀wé títí, wọn ò dáhùn; wíwú yẹn ti gbé wọn sókè. Ló bá mú ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, ó ń ka lẹ́tà náà sókè, ó ń dà á kọ síbẹ̀.

"Ṣé o kọ èyí tó ń ṣẹ́jú yẹn?"

"Màmá, ìyẹn ò ṣeé kọ."

Ìyá na ọwọ́ sí i. Ó ní, "Fi ọwọ́ mi síbi tí wọ́n ti ń pa á." Ó tẹ bọ́tìnnì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ó ń kọrin jẹ́jẹ́:

*Òwú mi já, n ò tíì ránṣọ tán,*
*Ọmọ mi lọ, n ò tíì wò ó tán.*

Ojú ẹ̀rọ ṣú.

Àna rẹ̀ yọ wáyà, ó tú ìdè abẹ́ ẹ̀rọ, ó yọ okùn bátìrì. Kò fi irin kàn án, torí bátìrì tó wú kò gbọdọ̀ ní ihò. Ike pẹlẹbẹ tí ìyá ń rán sínú kọ́là ẹ̀wù ló fi rọra gbé e jáde, ó sì tẹ́ ẹ sínú garawa iyanrìn gbígbẹ níta. Ó de tuntun mọ́ ọn, ó tan ẹ̀rọ. Ojú ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, kedere, òfìfo; lẹ́tà ò sí níbẹ̀ mọ́.

"Màmá, á lo wákàtí márùn-ún báyìí láìsí wáyà."

"Kí ni kí n wá fi wákàtí márùn-ún ṣe?"

Ìyá ká wáyà náà mọ́ ọwọ́, ó dìde, ó wo yàrá yíká. Kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.