Ọjọ́ Tí Mọ́mì Kí Erin

Ẹ má bi mí ohun tó gbé mi dé inú ọkọ̀ ọgbà ẹranko lọ́jọ́ ìsinmi mi. Nọ́ọ̀sì ni mí ní Ṣakí. Bí mo bá ráyè, oorun ni mo máa ń sùn. Ṣùgbọ́n Mọ́mì mi ní àwọn fẹ́ rí erin, ẹni tó bá sì mọ̀ wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bùṣe nìyẹn.

Ọmọ Erin ni wọ́n. Ní ìdílé wọn, orúkọ orílẹ̀ ni wọ́n fi ń kádìí oríkì ọmọ: Àmọ̀kẹ́ Erin. Ìyá wọn a máa kì wọ́n láràárọ̀, títí ikú fi mú màmá àgbà lọ lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà ni Mọ́mì ti ń sọ ọ́ pé, "Mo darúgbó tán, mi ò tíì fojú kan ẹni tí wọ́n fi ń kì mí."

Festus, awakọ̀ ọgbà náà, ló wa ọkọ̀ tí ò lórùlé náà fún wa. Kó tó ṣáná sí i ló ti kìlọ̀ pé a ò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀, a ò sì gbọdọ̀ pariwo. Mọ́mì ní, "A ti gbọ́, ọmọ mi." Èmi tí wọ́n bí mọ̀ pé ìyẹn ò ṣeé gbọ́kàn lé.

A rí ọ̀bọ. A rí ẹtu méjì tí wọ́n ń wò wá bí ẹni tó já wọlé onílé. Mọ́mì kàn mirí. Ẹtu tí wọ́n ti sè títí nígbà tí bàbá mi ń ṣọdẹ, kí ni wọ́n tún fẹ́ wò lára rẹ̀?

Nígbà tó yá, nǹkan ńlá kan aláwọ̀ eérú yà wọgbó lápá òsì wa. Ìdí rẹ̀ nìkan la rí. Inú mi dùn. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ ti rí i o. Ẹ jẹ́ ká máa lọlé."

Wọ́n bojú wò mí. "Kí ni mo rí? Àjànàkú kọjá, mo rí nǹkan fìrí! Gbémisọ́lá, ṣé fìrí lo gbé mi wá wò?"

Festus bú sẹ́rìn-ín. Ó ní oòrùn ti ń rẹlẹ̀, àmọ́ òun á gbé wa gba etí odò kọjá kí wọ́n tó ti géètì.

Ibẹ̀ la bá a. Ó dúró nínú omi, ó ń fi ọwọ́jà rẹ̀ bu omi dà sẹ́yìn ara. Festus paná ọkọ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dúpẹ́ pé Mọ́mì dákẹ́ ni wọ́n bá kúnlẹ̀ sórí àga, wọ́n gbóhùn sókè:

"Erin ọlọ́lá, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-tó-loko! Àjànàkú tí í mumi lódò, tí odò í dúpẹ́!"

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́!" Ọwọ́ Festus ti wà lára kọ́kọ́rọ́. Erin náà na etí méjèèjì síta, ó kọjú sí wa. Mo di aṣọ Mọ́mì mú, ṣùgbọ́n ta ní í pàdé ẹbí rẹ̀ tí kì í kí i? Wọ́n ki erin náà dópin. Ẹranko náà dúró gbọ́. Nígbà tí wọ́n dákẹ́, ó yíra padà, ó bá tirẹ̀ lọ.

Festus nu òógùn ojú. Ó fẹ́ bínú, kò rí i bí. "Màmá, ẹ̀yin lẹ máa pa wá o."

Mọ́mì rẹ́rìn-ín títí a fi jáde ní géètì. Lẹ́yìn náà ni mo rí omi lójú wọn. "Mo ti rí i, mo sì ti kí i. Inú mi dùn. Ṣùgbọ́n èmi alára, ta ló kù tó máa kì mí?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé akínyẹmí ara. "Àmọ̀kẹ́ Erin," ni mo wí. "Erin ọlọ́lá, a-rìn-gbẹ̀rẹ̀-bí-ẹni-tó-loko. Àjànàkú tí í mumi lódò, tí ẹja í dúpẹ́."

"Odò ni!" Wọ́n gbá mi léjìká. "Odò ló ń dúpẹ́, kì í ṣe ẹja. Tún un kì."

Mo tún un kì.