Ọjọ́ tí Ambrose Dọ̀bálẹ̀ tí Kò Lè Dìde

Gbìì! Ambrose ju ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àna rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ju àpò iṣu láti orí lọ́rì. Ilẹ̀ sìmẹ́ńtì mì. Abọ́ mì lórí pẹpẹ. Àwọn ewúrẹ́ tó ń jẹ èèpo iṣu lẹ́yìn ilé bẹ́ sígbó, bóyá wọn ò sì tíì dúró títí di òní. Láti Share títí dé Èsìẹ́, kò sí àna kankan tó tíì rí irú ìdọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Bí Ambrose ṣe fẹ́ kó rí gan-an nìyẹn. Láti Agbamú ló ti ń gbèrò rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Òun á wọlé Bàbá Dáníẹ́lì, àna òun, ní Òrò, òun á fò sókè, òun á balẹ̀ gbalaja, gbogbo ilé á bú sẹ́rìn-ín, Rhoda ìyàwó òun á yọjú láti ẹ̀yìnkùlé, òun náà á rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ á sì parí. Ta ni í bá ẹni tó ń pa á lẹ́rìn-ín jà?

Ó fò, ó sì balẹ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe balẹ̀ ni nǹkan kan dún ní ìbàdí rẹ̀, káú, bí igi gbígbẹ tí wọ́n fi orúnkún ṣẹ́. Iná kan ràn níbẹ̀, ó gba itan òsì sọ̀ kalẹ̀ títí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Iná tí alágbẹ̀dẹ fi ń rọ ọkọ́, ọmọdé ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Yéè! Ẹ̀yìn mi o! Mo kú o!"

Ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó sọ gan-an nìyẹn.

Nítorí Ambrose ti kú lẹ́ẹ̀kan rí. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni. Káfíńtà ni, àwàdà sì ni iṣẹ́ rẹ̀ kejì; àwọn mìíràn ní àwàdà ni àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ náà, ó kan pósí kan tán fún ará Èsìẹ́ kan, ó kun ẹfun sójú, ó wọ inú pósí náà, ó sì kó ọwọ́ lé àyà. Ó fẹ́ mọ bí ìyàwó òun yóò ṣe sunkún òun. Rhoda ti oko dé pẹ̀lú igi lórí. Ó da igi nù, ó já sí ìgboro láìwé gèlè, ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há, ó yí gbiiri nínú erùpẹ̀ pupa. Gbogbo Agbamú rọ́ dé. Hàmídù, ọkùnrin tó ń fún abẹ́rẹ́ ní dìsípẹ́ńsárì, tó kàn ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀, ju kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí kòtò, ó sáré wọlé. Ìgbà tí ilé kún dáadáa ni òkú dìde jókòó, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní, "Oúnjẹ dà?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí ìgbátí ṣòkòtò ẹlòmíràn fi já. Rhoda kò rẹ́rìn-ín. Kí àkùkọ tó kọ lọ́jọ́ kejì, ó ti gbé ẹrù rẹ̀ lọ sílé bàbá rẹ̀.

Ìgbà kẹta tí Ambrose wá bẹ̀bẹ̀ nìyí. Bàbá Dáníẹ́lì sì ti ránṣẹ́ sí i pé bí ẹ̀kẹta bá kọjá tí òun kò rí ọ̀rọ̀ gidi lẹ́nu rẹ̀, kí ó má wá mọ́; ọmọ òun kò ní padà lọ sí Agbamú mọ́.

Bàbá Dáníẹ́lì ti ṣe kátíkíìsì fún ọgbọ̀n ọdún kó tó fẹ̀yìn tì. Ó tẹ awò ojú rẹ̀ sísàlẹ̀ imú, ó wo àna rẹ̀ tó nà gbalaja nílẹ̀.

"O tún kú?"

"Rárá, Bàbá. Ẹ̀yìn mi ni."

"Ó dáa. Dìde."

"Mi ò lè dìde, Bàbá."

"Kò burú," ni bàbá wí, ó sì ṣí Bíbélì rẹ̀. "Òkú kì í kánjú."

Sàláwù, ọ̀rẹ́ Ambrose tí wọ́n jọ gun kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo wá, bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn létí. "O ò sọ fún mi pé èyí wà nínú eré."

"Kì í ṣe eré! Gbé mi!"

Sàláwù fi ọwọ́ sí i lábíyá, ó fà á. Igbe tí Ambrose ké lẹ́ẹ̀kan náà, bí wọ́n bá ní àwọn gbọ́ ọ ní Ọ̀mù-Àrán, ẹ má bá wọn jiyàn. Sàláwù yára jọ̀wọ́ rẹ̀. Gbìì, ó tún padà sílẹ̀.

Láti ẹ̀yìnkùlé ni ìró kan ti ń wá láti ìgbà tí wọ́n ti wọlé: gààrà, gààrà, gààrà. Rhoda ń rin ẹ̀gẹ́ lára páànù tí wọ́n fi ìṣó lu. Nígbà tí Ambrose ké, ìró náà dúró. Ó dúró bí ìgbà tí èèyàn mí kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀: gààrà, gààrà.

Inú bí Ambrose. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ tirẹ̀ ti sáré débí, ó ti ń làágùn lẹ́nu ọ̀nà, kò sì sí ẹni tó fẹ́ ṣílẹ̀kùn fún un! Eṣinṣin kan bà lé e nímú. Adìyẹ kan wá ṣa ìrẹsì lẹ́bàá etí rẹ̀, ó wò ó lójú, ó sì ṣu síbẹ̀. Láti ibi tó dùbúlẹ̀ sí, ìdí àga àna rẹ̀ nìkan ló ń rí. Òun fúnra rẹ̀ ló kan àga náà nígbà tó ń tọrọ Rhoda. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ṣí sí i báyìí, ó sì rí ibi tí igi kò ti pàdé ara wọn, tí òun po ìyẹ̀fun pákó mọ́ àtè, tí òun fi dí i. Ọdún méje ni bàbá ti ń jókòó lórí ẹ̀tàn náà láìmọ̀. Ambrose gbójú kúrò níbẹ̀. Bó ṣe gbójú báyìí, iná tún gba itan rẹ̀ kọjá.

"Sàláwù, jọ̀ọ́, lọ pe Hàmídù kó wá gún mi lábẹ́rẹ́."

Sàláwù gun kẹ̀kẹ́ lọ. Nígbà tó padà, òun nìkan ló padà.

"Hàmídù ní kí n kí ẹ. Ó ní òun á wá jẹ sàárà ọjọ́ kẹjọ rẹ."

Àwàdà náà dára. Ambrose mọ àwàdà tó dára bó bá gbọ́ ọ. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bọ́ sí ìbàdí rẹ̀ bí ọ̀bẹ, ló bá sọ ẹ̀rín di igbe láàárín méjì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ẹ̀rín pa á lára.

Nígbà náà ni Màmá Rhoda ti àdúrà àwọn obìnrin dé. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀yìn náà, ó sì wo ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Rhoda, ẹran ara yìí le bí òkúta o."

"Bó bá jẹ́ òótọ́," ni bàbá wí láìgbójú sókè, "lọ́rì ọlọ́jà ń kọjá lọ sí Ọ̀mù-Àrán láago mẹ́rin. Ọsibítù wà níbẹ̀."

"Ọsibítù!" ni Sàláwù wí, ó fò dìde. "Ndanusa ará Share wà lọ́jà báyìí. Ìwo mẹ́ta ló máa fi fa ẹ̀jẹ̀ dúdú ibẹ̀ jáde. Èyí tó fà lẹ́yìn mi léṣìí, ó tó kun ilé yìí nínú lóde!"

"Kò sí ẹni tó máa fi ìwo kàn mí!" ni Ambrose ké láti ilẹ̀.

"Ṣé abẹ́rẹ́ òyìnbó ló dùn ju ìwo lọ? Wọ́n á là ẹ́ bí ẹja ni."

"Kò sí ẹni tó máa là mí!"

"Kí lo wá fẹ́, ìwọ ọkùnrin yìí?"

Ambrose ò mọ̀. Ó bẹ̀rù ìwo, ó bẹ̀rù ọ̀bẹ, ó sì bẹ̀rù pé kí òun wà bẹ́ẹ̀. Màmá Rhoda mi orí.

"Ọmọ tó fi ẹsẹ̀ wáyé wà lẹ́yìnkùlé, ẹ sì jókòó ẹ ń sọ̀rọ̀ ìwo."

Òótọ́ ni. Ẹsẹ̀ ni Rhoda fi jáde nínú ìyá rẹ̀, Ìgè ni orúkọ tó mú ti ọ̀run wá. Ẹni tí ẹ̀yìn bá ń dùn, kó dojú bolẹ̀, kí Ìgè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Ní Agbamú, àwọn àgbẹ̀ máa ń ti oko tọ̀ ọ́ wá lásìkò ebè kíkọ, Ambrose a sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, a máa pariwo pé, "Ẹ wọlé o! Lọ́rì mi ti ṣe tán! Ó máa tẹ̀ yín pa!" Rhoda a sọ̀rọ̀ títí, ọkọ rẹ̀ a fi ẹnu ṣe fèrè mọ́tò sí i.

"Nínú ilé kátíkíìsì?" ni Bàbá Dáníẹ́lì wí. "Ẹsẹ̀ kì í ṣe oògùn."

"Ta ló tẹ ẹ̀yìn yín lọ́dún tí ẹ gbé agogo ṣọ́ọ̀ṣì?"

Bàbá ṣí ojú ìwé kan tí kò tíì kà.

Màmá lọ sẹ́yìnkùlé. Ìró páànù náà kò dúró. Ó padà wá, ó jókòó, ó tún ìró aṣọ rẹ̀ ró kó tó sọ̀rọ̀.

"Ó ní bí eré bá sú u, á dìde."

Ambrose la ẹnu láti ké. Lẹ́yìn náà ló pa á dé. Kí ni igbe fẹ́ ṣe? Gbogbo igbe tó ní lọ́fun ló ti ná tán lórí irọ́. Ó gbìyànjú láti ká àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kò, kò sì mọ̀ bóyá ó ká tàbí kò ká. Ẹ̀rù tòótọ́ bà á. Bí ẹsẹ̀ yìí bá kú ńkọ́? Ta ni yóò dúró ti ayùn? Ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lélẹ̀. Òógùn ń kán sílẹ̀ láti iwájú orí rẹ̀, omi ojú náà sì bá a lọ, láìsí ariwo. Eré ọjọ́ náà tán pátápátá, kò sì sí ẹni tó pàtẹ́wọ́.

Ìgbà náà ni páànù dákẹ́.

Ẹsẹ̀ méjì wọ yàrá. Ẹsẹ̀ nìkan ló lè rí, omi ẹ̀gẹ́ funfun gbẹ mọ́ ọn dé ọrùn. Rhoda lóṣòó. Ó fi ìka kan fa omi tó dà sílẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó sì wò ó fún ìgbà díẹ̀.

"Ọjọ́ tí ẹ kú," ni ó wí, "ẹ ò làágùn."

Ó nu ìka náà mọ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹsẹ̀ wo ni?"

"Òsì ni. Mi ò mọ̀ ọ́n lára mọ́."

"Ṣé ẹ mọ èyí?"

"Èwo?"

Rhoda jọ̀wọ́ àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òsì tó ti ń fi èékánná já.

"Jọ̀ọ́, tẹ̀ mí."

"Kí lẹ máa ń pè mí?"

Sìmẹ́ńtì ló sọ ọ́ sí. "Lọ́rì."

"Kí ni orúkọ mi?"

"Ìgè. Ìgè, jọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ ọ́."

Bàbá Dáníẹ́lì pa Bíbélì dé.

Rhoda di ògiri mú, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé ìbàdí ọkọ rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni ń dán afárá wò. Ẹsẹ̀ náà tutù. Ó rọra tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Ó rọra sún un sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ̀yìn ni ẹsẹ̀ náà ti tẹ̀. Ó mọ iṣan tó so, ó sì mọ ohun tí kì í ṣe iṣan. Kí ó tó tẹ ẹ̀kejì, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò.

"Èyí kọjá tèmi," ni ó wí. "Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, irọ́ ni mo pa. Bàbá, aago mélòó lẹ ní lọ́rì ń kọjá?"

"Mẹ́rin."

"Ẹ bá mi yọ ìlẹ̀kùn yìí."

Orí ìlẹ̀kùn ni wọ́n gbé e sí, bí òkú gidi. Ìgboro Òrò kò fi í sílẹ̀.

"Ambrose tún kú? Ẹ bi í bóyá oúnjẹ ti délẹ̀!"

"Ẹ gbé e lọ sí Èsìẹ́, kí wọ́n tò ó mọ́ àwọn ère òkúta!"

Èsì mẹ́wàá ló wà lẹ́nu Ambrose, gbogbo wọn ló mú bí abẹ. Kò sọ ọ̀kankan. Ẹ̀gbẹ́ ìlẹ̀kùn náà ni Rhoda ń rìn.

Àárín àpò àgbàdo ni wọ́n tẹ́ ẹ sí nínú lọ́rì. Rhoda gòkè, ó jókòó tì í, ó gbé ẹsẹ̀ òsì tí kò mọ nǹkan kan lé itan ara rẹ̀.

"Mi ò sọ pé mò ń padà sí Agbamú o."

"Mo gbọ́."

"Ọsibítù ni mò ń bá yín lọ."

"Mo gbọ́, Ìgè."

Lọ́rì gbéra. Ọdún kejì tí wọ́n ní a ti kúrò lábẹ́ ìjọba Kàdúná nìyí, ìjọba ìpínlẹ̀ tuntun kò tíì rántí ọ̀nà náà. Kòtò ibẹ̀ jinlẹ̀ débi pé èèyàn lè gbọ́ bí àwọn ará ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ṣe ń húkọ́. Ọkọ̀ fò, eruku pupa bò wọ́n. Ambrose di ojú nítorí eruku.

Kíá ni ọwọ́ kan bà lé imú rẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ títí ó fi gbọ́ èémí.

"Ẹ la ojú yín," ni Rhoda wí. Ohùn rẹ̀ há, bíi ti ọjọ́ pósí.

Ambrose là á. Ó wo ọwọ́ náà bó ṣe padà lọ sórí itan Rhoda, kò sì rí àwàdà kankan níbẹ̀. Gbogbo eruku ilẹ̀ Ìgbómìnà wọ ojú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ta á bí ata, omi ń dà. Títí tí wọ́n fi rí òrùlé ọsibítù ní Ọ̀mù-Àrán, kò pa ojú náà dé mọ́.